Ẹ Má Gba Ohùn Lẹ́nu Kọ̀ǹpútà Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọmọ mi obìnrin ló máa ń ka ìwé ìròyìn yín sí mi létí ní ọjọ́ Àìkú tó bá wálé láti Ìbàdàn, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dé ojú ewé tí ẹ ti kọ̀wé nípa Windows 10, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, àti pé kí ẹni tó bá ń lò ó tètè wá nǹkan ṣe sí i kí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ráyè wọlé. Ìmọ̀ràn gidi ni. Àmọ́ nígbà tí ẹ fẹ́ parí ọ̀rọ̀, ẹ ní kò le rárá, pé kí onítọ̀hún ṣáà máa tẹ̀lé ohun tó bá ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Ọmọ mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, wọn ò ro tiyín mọ́ ọn o." Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà sí Ìbàdàn tán, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Afọ́jú ni mí. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bà yín lẹ́rù. Àwọn kan ní kí a máa sọ pé "ẹni tí ó ní ìpèníjà ojú". N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n afọ́jú kúrú, ó sì yá láti tẹ̀. Èéyí ló mú ojú mi lọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Mo ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta báyìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ọ̀yọ́. Ìbéèrè ìdánwò ni o, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ni o, máàkì àwọn ọmọ ni o, orí láptọ́ọ̀pù ni mo ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè sí mi létí. NVDA ni orúkọ rẹ̀. Afọ́jú méjì ní Australia, Michael Curran àti James Teh, ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Ọdún 2006 ni Curran bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún gbogbo ayé. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, JAWS, irú ètò kan náà tí wọ́n ń tà, la máa ń gbọ́, owó rẹ̀ sì ju owó oṣù tíṣà lọ fíìfíì. Mo jẹ́wọ́: ayédèrú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lò. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ní ọdún 2019, láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní, "Bàbá, a máa fọ́máàtì ẹ̀ ni." Mo sanwó, mo padà lọ gbé e lọ́jọ́ kẹta. Mo délé, mo tẹ bọ́tìnnì, mo gbọ́ fáànù tó ń yí. Mo dúró. Fáànù ń yí, kọ̀ǹpútà kò sọ̀rọ̀. Mo tẹ gbogbo ohun tí mo mọ̀ láti fi jí NVDA, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Mo gun ọ̀kadà padà lọ bá a. Ó ṣí i, ó gbá kíbọ́ọ̀dù díẹ̀, ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi, ó ní, "Ó ti dára, Bàbá. Ẹ wò ó."

Ẹ wò ó! Èmi ló ń sọ fún.

Ohun tó ṣe ni pé ó nu gbogbo inú rẹ̀ nù, ó fi Windows tuntun sí i, kò fi dráífà ohùn, ètò kékeré tó ń jẹ́ kí sípíkà ṣiṣẹ́, sí i, NVDA mi sì ti bá ìdọ̀tí lọ. Lójú tirẹ̀ iṣẹ́ ti parí, nítorí ó rí àwòrán òkè àti koríko tútù lójú ẹ̀rọ. Ẹnì kejì rẹ̀ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ohùn ṣe, ṣé orin ni wọ́n fẹ́ máa gbọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà láìní kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ Perkins tí mo fi ń kọ Braille, irin tó wúwo bí ọlọ, ni mo padà sí, mo kọ ìbéèrè ìdánwò SS2 síbẹ̀, mo ń kà á fún ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ́fíìsì kó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó fi "ọkọ̀" sí ibi tí mo pè ní "ọkọ́", àwọn ọmọ sì bi mí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò pé báwo ni àgbẹ̀ ṣe ń fi mọ́tò kọ ebè.

Ẹni tó bá yọ ohùn kúrò lẹ́nu kọ̀ǹpútà mi, ó ti fọ́ mi lójú lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé ẹlòmíràn kò tún ní fọ́máàtì ẹ̀rọ mi mọ́, pé èmi fúnra mi ni yóò máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí iṣẹ́ náà ti le gan-an, nítorí kì í ṣe ibi tí àwọn ènìyàn rò. Kíbọ́ọ̀dù kò le. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú, orí tapáwẹ́tà ni wọ́n ti kọ́ wa, ìka wa mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà ju bí ẹ̀yin tó ń wò ó ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ibi tó le ni àsìkò tí kọ̀ǹpútà kò tíì ní ohùn. Bí a bá tan ẹ̀rọ, ohun tó kọ́kọ́ jí ni BIOS, níbi tí a ti máa sọ fún un pé kó má lo ohun tó wà nínú rẹ̀, kó lo ohun tó wà lórí fíláàṣì. Odi ni BIOS lórí gbogbo ẹ̀rọ tí mo ti fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ètò tó ń gbé Windows wọlé. Windows ní ohùn tirẹ̀, Narrator, láti ìgbà Windows 2000, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di ìgbà tí Windows bá wọlé tán kó tó lè lanu. Ọdún 2017 ni wọ́n tún un ṣe nínú Windows 10 débi pé a lè pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ fífi sórí ẹ̀rọ: tẹ bọ́tìnnì Windows, Ctrl àti Enter pọ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà bí ó bá rí ẹnu. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Àkúrẹ́, afọ́jú ni òun náà, ó ṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Narrator ń bá a sọ̀rọ̀ bí ìyá àti ọmọ. Mo gba fíláàṣì kan náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí tèmi títí ìka fi ń ro mí, n kò gbọ́ píntín. Narrator ti jí o, ó ń sọ̀rọ̀ lọ nínú òkùnkùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n dráífà tí yóò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé òun ní sípíkà kò sí nínú ètò náà. Kọ̀ǹpútà kan bá afọ́jú sọ̀rọ̀, èkejì yadi, kò sì sí bí ẹ ṣe máa mọ̀ nígbà tí ẹ bá ń rà á. Èmi ò tíì rí ọjà tí wọ́n ti ń lẹ ìyẹn mọ́ páálí.

Nígbà tí ariwo Windows 10 yìí wá dé, láptọ́ọ̀pù EliteBook 840 G3 tokunbo ni mo ń lò. Ẹ̀rọ tó lágbára ni, ṣùgbọ́n ṣíìpù Intel ìran kẹfà ló jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, Windows 11 sì ní láti ìran kẹjọ sókè ni òun ń fẹ́. Mo ní kò burú. Ẹni tí kò bá gbà mí sílé, n kò ní sùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo yà sí Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè lò dípò Windows, èyí tí wọ́n ń pè ní Debian, nítorí ohun kan ṣoṣo: láti ẹ̀dà ìkeje rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2013, ètò tó ń gbé e wọlé lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá dé ibi tó yẹ kí o yan nǹkan, ẹ̀rọ á ké "píì". Tẹ lẹ́tà s, tẹ Enter. Ó parí.

Òru méjì ni mo fi wà á sílẹ̀ pẹ̀lú dátà òru, nítorí èyí tó kún ni mo mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì mẹ́rin. Mo fi ètò kan tó ń jẹ́ Rufus kọ ọ́ sórí fíláàṣì oní-16. Mo kó gbogbo ìwé mi sórí díìsìkì ìta, mo ka iye fódà tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún ka á ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìyàwó mi ò tíì ti ìsọ̀ dé. Ọmọ Ìyá Alákàrà ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tó wà ní Praimárì 5, ni mo pè kó wá bá mi wo BIOS. Mo ní kó má gbìyànjú láti pe ọ̀rọ̀, kó máa ka lẹ́tà. Mo tan ẹ̀rọ, mo ń gbá F9 bí ẹni ń lu agogo.

"Bàbá, nǹkan ti jáde."

"Ìlà mélòó ni?"

"Mẹ́rin. Àwọ̀ òkè yàtọ̀."

"Èwo ló ní U, S, B níbẹ̀?"

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ ìka rẹ̀ tó ń họ ojú ẹ̀rọ. "Ẹ̀kẹta."

Mo tẹ ọfà tó kọjú sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo tẹ Enter, mo fún un ní owó, mo ní kó máa lọ. Kò lọ. Ó ní òun fẹ́ rí i bí kọ̀ǹpútà ṣe máa bá Bàbá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ ké. Mo tẹ s. Mo tẹ Enter. Ó dákẹ́ fún bí ìgbà tí ènìyàn fi lè ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run tán, mo sì kà á ní tòótọ́. Ohùn wá jáde láti inú sípíkà láptọ́ọ̀pù, ó ní kí n tẹ Enter bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo fẹ́ máa gbọ́ ọ. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ń pariwo, n kò tẹ nǹkan kan. Ó bọ́ sínú héédísẹ́ẹ̀tì oníyùúésíbì tí mo kì bọ etí, ó tún bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ibẹ̀ ni mo ti tẹ Enter. Ẹ wo ẹni tó ro ọ̀rọ̀ yẹn kàn! Ó mọ̀ pé n kò lè rí ibi tí ohùn ti ń jáde, ó wá ń kanlẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi bá mi nílé.

Ohùn náà kò dára létí. Ó dà bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà nínú agolo mílíìkì. N kò tíì gbọ́ èyí tó dùn tó o rí.

Nọ́ńbà ni a fi ń dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ó ka èdè lọ rẹrẹẹrẹ, n kò gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, inú bí mi díẹ̀, mo yan Gẹ̀ẹ́sì. Ó bi mí pé orílẹ̀-èdè wo, Nàìjíríà wà níbẹ̀, inú mi rọ̀. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan dáadáa, mo lè tẹ àmì ìbéèrè kó ṣàlàyé. Bí mo bá ṣìṣe, àmì kan wà tó ń dá mi padà sẹ́yìn. Orúkọ, ọ̀rọ̀ aṣínà, aago, gbogbo rẹ̀ lọ geere. Ó wá dé ibi díìsìkì, ibi tí afọ́jú àti aríran ti ń gbọ̀n. Ó ka méjì fún mi. Orúkọ wọn jọra bí ìbejì, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n, sda àti sdb. Ìwọ̀n wọn ni mo fi dá wọn mọ̀: ọ̀kan jẹ́ gígábáìtì 256, èkejì kò ju 16 lọ. Ti inú ẹ̀rọ ni àkọ́kọ́. Ó ní òun máa nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, ṣé kí òun máa lọ? Ọ̀kan ni bẹ́ẹ̀ ni, èjì ni bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n mú iná lọ.

Ọmọ náà ni mo fi mọ̀, ó ké "Há, NEPA!" Bátìrì láptọ́ọ̀pù yẹn kì í ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Mo jókòó, mo rò ó: bí mo bá tẹ ọ̀kan, tí bátìrì kú láàárín, Windows ti lọ, Debian kò tíì dé, mo di ẹni tó wà láàárín odò. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo fọwọ́ wá "I better pass my neighbour" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo fà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó jí. Mo padà wọlé. Ìbéèrè náà ṣì ń dúró. Mo tẹ ọ̀kan.

Ó lé ní wákàtí kan kó tó parí. Láàárín rẹ̀ ó bi mí irú ojú tí mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ní, mo tẹ nọ́ńbà MATE nítorí ọ̀rẹ́ mi Àkúrẹ́ ní ó rọrùn fún etí. Ó ní kí n yọ fíláàṣì, ó kú, ó jí. N kò tẹ bọ́tìnnì kankan tí mo fi gbọ́ Orca, òǹkàwé tirẹ̀, tó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà mi. Ẹni tó bá fi ohùn gbé Debian wọlé, ohùn náà ló máa bá a dé inú ilé. Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo sunkún díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. N kò ríran, ṣùgbọ́n mo gbọ́ràn. Ọmọ Ìyá Alákàrà ti sùn lórí àga.

N kò ní purọ́ fún yín, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dára. Ìwé máàkì tí ilé ẹ̀kọ́ wa ń lò, Excel ni wọ́n fi ṣe é, bí mo bá ṣí i lórí tèmi, àròpọ̀ rẹ̀ á dàrú. Orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣe ìyẹn, mo sì gbé NVDA sórí fíláàṣì kékeré kan tó máa ń wà lápò mi, èyí tí kò nílò kí wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ kó tó ṣiṣẹ́. Nígbà míì, wọ́n ti ti ẹ̀rọ náà pa débi pé fíláàṣì kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo tún di ẹni tó ń bẹ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Òfin kan wà tí ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, tó ka fífi ọwọ́ ìyàsọ́tọ̀ mú àwa tí ara wa kò pé sí èèwọ̀. Ó fún àwọn ilé ìjọba àti ilé ìlú ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé, ọdún márùn-ún náà sì ti pé. Àtẹ̀gùn ilé ni gbogbo ènìyàn ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń sọ òfin náà. Èmi ń béèrè ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń ra ẹ̀rọ fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lè sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó tẹ Windows, Ctrl àti Enter níṣojú wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe sì ni mo ń bá wí jù. Ẹ ò jẹ wá ní gbèsè, iṣẹ́ yín le, iná kò sí, àwọn oníbàárà kì í fẹ́ sanwó. Ṣùgbọ́n bí afọ́jú bá gbé ẹ̀rọ wá, ẹ bi í pé ohùn wo ló ń lò kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ fi dráífà ohùn sí i, ẹ dá NVDA rẹ̀ padà, ẹ jẹ́ kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ kó tó sanwó. Ọ̀gá tó bá ní ọmọ iṣẹ́ lè kọ́ ọ ní ìyẹn ní ọ̀sán kan.

Olóòtú, ẹ̀yin náà, bí ẹ bá tún fẹ́ kọ irú ìmọ̀ràn yẹn, ìlà kan péré tó ní bọ́tìnnì mẹ́ta yẹn nínú tó fún wa.

Orí Debian yìí ni mo ti tẹ lẹ́tà yìí. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀ tí mo fi ń fi àmì sí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn tó ń kà á padà sí mi kò gbọ́ Yorùbá. Bí òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ló ṣe ń kà á, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, mo fi ọfà rìn lọ lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo ojú ewé yìí láti yẹ àmì rẹ̀ wò. Bí ẹ bá ṣì rí mọ́tò níbi tó yẹ kí ọkọ́ wà, ẹ bá mi tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn ọmọ SS2 mi máa ń ka ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni tiyín,

Tíṣà Afetíríran,
Ọ̀yọ́.